Ta Ló Kọ 67 Yẹn? Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Yẹ Owó Àtijọ́ Inú Ike Wò Kẹ́ ẹ Tó Sanwó

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi o, torí ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ kan mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, àdìrẹ ni wọ́n ń tà níbẹ̀ látìgbà tí mo ti gbọ́njú, ni ọkùnrin tó ń gbé ẹrù kiri bá pè mí pé páṣẹ́ẹ̀lì mi ti dé. Ṣílè kan ni mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti 1913, èyí tí wọ́n fi fàdákà gidi ṣe, orí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún wà lójú ẹ̀, igi ọ̀pẹ wà lẹ́yìn. Inú ike líle kan ló wà, àwa tá a ń ra owó àtijọ́ ń pè é ní slab, wọ́n fi bébà pélébé kan sókè ike náà, wọ́n kọ MS 67 sí i gàdàgbà. ₦85,000 ni mo san, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní, "Wọ́n ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn fọ èyí. Bá a ṣe máa ń fọ kọ́bọ̀ nìyẹn nígbà tá a wà lọ́mọdé, kó lè máa dán lọ́jọ́ ọdún." Mo ní, Mọ́mì, ẹ ò rí 67 tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni? Wọ́n ní, "Ta ló kọ ọ́?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Èèyàn tí ò lo kọ̀ǹpútà rí láyé ẹ̀ ló bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi ara mi kí n tó sanwó. Ohun tí mo ń ṣe báyìí kí n tó ra èyíkéyìí ni mo kọ síbí, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀.

Ẹ mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn jẹ́ ná

Máàkì ni, bíi máàkì tí tíṣà ń fún ọmọ ilé ìwé, àmọ́ 70 ló ti pin. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Sheldon ló gbé e jáde lọ́dún 1949, sẹ́ǹtì ńláńlá tí wọ́n ń ná nílùú wọn láyé àtijọ́ ló fi ṣe é, èrò ẹ̀ ni pé èyí tó bá gba 70 yẹ kó tà ní ìlọ́po 70 iye tí èyí tó gba 1 ń tà. Ìṣirò owó yẹn ò bá ọjà mu mọ́ o, àmọ́ nọ́ńbà náà dúró títí dòní. 1 ni owó tó ti jẹ débi pé èèyàn kàn lè mọ ohun tó jẹ́ ni. Láti 20 dé 35 ni wọ́n ń kọ VF sí, ó ti ná dáadáa àmọ́ ojú ẹ̀ ṣì hàn. XF ni 40 àti 45, ó ná àmọ́ kò tó ti VF, AU bẹ̀rẹ̀ láti 50 dé 58, ìyẹn ni pé ó kàn ná díẹ̀ ni. Láti 60 lọ sókè ni MS, ìyẹn owó tí ò tíì ná rárá, tí àmì ibi tí ìka èèyàn ti bó o ò sí lára ẹ̀. 70 fúnra ẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni pé tẹ́ ẹ bá fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi lọ́nà márùn-ún wò ó, ẹ ò gbọ́dọ̀ rí ohunkóhun tó ṣe é látìgbà tó ti kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ.

Ẹ wá ronú sí i. Ṣílè tó ti ọwọ́ oníṣu bọ́ sọ́wọ́ aláta, tó ti sùn nínú kólòbó, tó ti wọ reluwé ní Láfẹ́ńwá, tí wọ́n ti so mọ́ etí ìró fún ọgbọ̀n ọdún, ibo ló ti fẹ́ rí 70? Ìgbà tí mo bá rí owó ayé Jọ́ọ̀jì Karùn-ún tí wọ́n kọ 69 tàbí 70 sí, mo ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó rí iye tí wọ́n ń tà á.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé èrò èèyàn ni máàkì yẹn. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló wọ̀n ọ́n jáde. Ẹnì kan jókòó, ó wò ó, ó ní báyìí ni mo ṣe rí i. Nítorí náà, ta ni ẹni yẹn, àti pé tó bá ṣì í, àpò ta ló máa jò?

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka orúkọ tó wà lára ike

Ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń gba máàkì wọn gbọ́ ò pọ̀ rárá. PCGS bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1985, NGC tẹ̀ lé e lọ́dún 1987, ará Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì, àwọn ló sì mú iwájú. ANACS dàgbà jù wọ́n lọ, 1972 ló bẹ̀rẹ̀, ICG sì dé lọ́dún 1998. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí, àwọn èèyàn ń rà wọ́n, àmọ́ owó wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ga tó ti méjì àkọ́kọ́. PCGS àti NGC ní ìwé àdéhùn tó sọ pé tí wọ́n bá fún owó ní máàkì tí ò tọ́ sí i, tàbí wọ́n ti ayédèrú mọ́ inú ike wọn, àwọn máa san án padà. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń rà nìyẹn gan-an tẹ́ ẹ bá ń fowó lé orí ike, ìdúró tí ẹnì kan ṣe fún yín.

Lẹ́yìn àwọn yẹn ni ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ike òfìfo wà níta tẹ́nikẹ́ni lè rà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tó ń tẹ bébà àlẹ̀mọ́ wà, tẹ́ ẹ bá fún mi ní ọ̀sán kan ní Pánṣẹ́kẹ́ èmi náà á dá ilé-iṣẹ́ tó ń fún owó ní máàkì sílẹ̀, màá pe orúkọ ẹ̀ ní lẹ́tà mẹ́ta tó jọ ti àwọn ẹni ńlá, màá sì fún gbogbo ohun tó wà nínú agolo mi ní 67. Ohun tí àwọn kan ń ṣe nìyẹn o. Wọ́n á ra owó ní pọ́ọ́kú, wọ́n á fúnra wọn tì í mọ́ inú ike, wọ́n á fúnra wọn fún un ní máàkì, wọ́n á tún fúnra wọn tà á. Ẹni tó kọ ìdánwò ló tún jókòó tó ń máàkì ìwé ara ẹ̀.

Tẹ́ ẹ ò bá mọ orúkọ náà rí, ẹ wá ìdáhùn sí mẹ́ta yìí: ṣé ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà ló tún ń ta owó yìí? Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbì kan pé àwọn á san án padà tí àwọn bá ṣì í? Àti pé ṣé oníṣòwò míì tí kì í ṣe ẹbí wọn máa ń ra owó inú ike wọn ní iye tí máàkì yẹn sọ? Ẹ̀kẹta yìí ló máa ń tú àṣírí wọn, torí ẹ lè kọ ìwé àdéhùn tó wù yín sórí sáìtì yín, àmọ́ ẹ ò lè fipá mú ọjà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò, àmọ́ ẹ má tẹ líǹkì ẹni tó ń tà á

Gbogbo slab gidi ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì sáìtì PCGS tàbí NGC, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yẹ nọ́ńbà wò, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó ń tà á lè fi líǹkì ránṣẹ́ tí ojú ẹ̀ jọ ti gidi, kó jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló kọ́ sáìtì náà.

Tí nọ́ńbà bá jáde, iṣẹ́ ò tíì parí, ibí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sinmi tó yẹ kí wọ́n ṣì máa wò. Àwọn oníjìbìtì ti ń ṣe ayédèrú ike PCGS àti NGC fúnra wọn tipẹ́tipẹ́, nọ́ńbà tó jẹ́ ti owó gidi kan tó wà nílé ẹlòmíì ni wọ́n ń jí kọ sára ẹ̀. Torí náà nọ́ńbà á jáde, orúkọ owó á bára mu, ọdún á bára mu, máàkì á bára mu, síbẹ̀ ayédèrú ló wà lọ́wọ́ yín. Fọ́tò ló máa gbà yín. Fọ́tò ọ̀pọ̀ owó ló wà lórí sáìtì NGC, àwọn kan wà lórí ti PCGS náà. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ẹni tó ń tà á, ẹ wá àpá kan, àpá kékeré tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọba tàbí àbàwọ́n dúdú kan tó wà lẹ́bàá lẹ́tà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó wà lára méjèèjì. Owó méjì kì í ní àpá kan náà. Láti 2020, PCGS ti ń fi nǹkan tí fóònù lè kà sínú àwọn ike kan, tẹ́ ẹ bá gbé fóònù lé e á gbé yín lọ sójú ìwé tirẹ̀, àmọ́ ìyẹn dìgbà tó bá dọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ohun tí wọ́n kọ bíi lọ́yà

Ẹni tí ò mọ owó ò lè fún un ní máàkì, bébà orí ike sì máa ń tú wọn fó. Owó ilẹ̀ wa níbí ló dáa jù láti fi dán wọn wò, torí àwa la ná an.

Ẹ mú ṣílè. Láti 1913 ni wọ́n ti ń fi fàdákà ṣe é fún gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ fàdákà, títí di 1920 tí wọ́n yí i sí idẹ. 1920 fúnra ẹ̀, ẹ lè rí ti fàdákà, ẹ sì lè rí ti idẹ. Tẹ́ ẹ bá wá rí slab tí wọ́n kọ ṣílè 1936 sí tí wọ́n tún kọ ọ́ pé fàdákà ni, ẹ rọra pa ojú ìwé yẹn dé. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì.

Tún wo ti Edward Kẹjọ. Ó jọba lóṣù January 1936, ó gbé adé sílẹ̀ lóṣù December ọdún yẹn kan náà, kò sì sí orí ẹ̀ lára owó Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn èèyàn ń ná. Àmọ́ orúkọ ẹ̀ wà lára ọ̀nìnì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ wa tó nihò láàárín, torí owó tó nihò ò nílò orí ọba. Àwọn oníṣòwò ò jẹ́ kí orúkọ yẹn sinmi, wọ́n á kọ "owó ọba tí ò dé adé, ọ̀wọ́n gógó" sí i, wọ́n á tì í mọ́ inú ike. Irọ́ ni o. Wọ́n ṣe wọ́n lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n kún inú agolo àwọn ìyá àgbà káàkiri Aké àti Ìbarà, wọn ò sì wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà. Orúkọ ọba ló ṣọ̀wọ́n, owó ò ṣọ̀wọ́n.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni dọ́là Maria Theresa, owó fàdákà gbàǹgbà tí àwọn oníṣòwò ń gbé kiri Áfíríkà láyé àtijọ́. 1780 ló wà lára gbogbo wọn pátá, torí ọdún tí Maria Theresa, ọbabìnrin ilẹ̀ Austria, kú ni wọ́n ṣì ń kọ sí i, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìlú oríṣiríṣi títí di ayé òde òní. Ilé-iṣẹ́ tó mọṣẹ́ á kọ ọ́ síbẹ̀ pé àtúntẹ̀ ni. Àwọn yòókù á kọ 1780, MS 65, wọ́n á dákẹ́, ẹ̀yin náà á wá rò pé ohun tó ti lé ní igba ọdún lẹ rà. Gíráàmù 28 ni gbogbo ẹ̀, fàdákà tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 23, iye fàdákà yẹn ni púpọ̀ nínú wọn sì ń tà, pẹ̀lú ẹ̀ẹ́kún díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yẹ kẹ́ ẹ máa wá, ìyẹn ni "Details". Tí NGC tàbí PCGS bá rí i pé wọ́n ti fọ owó, tàbí wọ́n ti họ ọ́, tàbí wọ́n ti lẹ̀ nǹkan mọ́ ọn rí, wọn ò ní fún un ní nọ́ńbà gidi, wọ́n á kọ Details, wọ́n á sì kọ ohun tó ṣe é. Ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ti wo ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n fún ní máàkì tí ẹ ò rí ẹyọ kan tí wọ́n kọ àbùkù sí, ẹ̀yin náà ẹ ti mọ irú ilé-iṣẹ́ tó jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbàgbé ike, ẹ wo owó

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó sí, torí ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ibi tó ga jù lára owó ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Lára ṣílè Jọ́ọ̀jì Karùn-ún, ẹ wo àwọn òkúta iyebíye ara adé, ẹ wo irun òkè ojú, ẹ wo irùngbọ̀n. Tí irùngbọ̀n bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ tí ẹ ò lè mọ irun kan yàtọ̀ sí ìkejì, owó yẹn ti ná, ẹnikẹ́ni tó bá kọ MS sí i ti purọ́. Ẹ yí i padà, ẹ wo imọ̀ ọ̀pẹ, ẹ wo ara igi náà bóyá àwọn ìlà ara ẹ̀ ṣì wà. Lára sísì Nàìjíríà ti 1959, ara kòkó ni kẹ́ ẹ wò, àárín kòkó ló máa ń kọ́kọ́ dán.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fífọ̀, ohun tí ìyá mi rí tí mi ò rí. Owó tó ti ná lóòótọ́ máa ń dúdú díẹ̀ láàárín àwọn lẹ́tà, ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ á sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ níbi tí ìka ò dé. Èyí tí ojú ẹ̀ ti jẹ àmọ́ tó ń dán látòkè délẹ̀ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eérú fọ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́ nìyẹn. Mo lọ yá dígí tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi há ojú, mo fi wo ṣílè mi, mo rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, láti etí ọba lọ sí ẹ̀yìn orí ẹ̀. Ìlà iyanrìn nìyẹn. Lára owó tó kàn ń ná lásán, àpá máa ń lọ síbí lọ sọ́hùn-ún ni, kò sẹ́ni tó tò ó.

Ìyàtọ̀ tún wà láàárín dídán àti ìmọ́lẹ̀. Owó tí ò tíì ná, tẹ́ ẹ bá yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ gílóòbù kan, ìmọ́lẹ̀ á máa rìn lórí ẹ̀ yípo, bí oòrùn àárọ̀ ṣe máa ń rìn lójú odò Ògùn tẹ́ ẹ bá dúró sórí afárá. Èyí tí wọ́n ti fọ̀ á kàn funfun ni, ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún á dúró sójú kan. Fọ́tò ò lè fi èyí hàn yín, fídíò ló lè ṣe é, màá dé ibẹ̀.

Ẹ tún wo òkè orí ọba, létí owó gan-an. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, àwọn èèyàn máa ń so owó fàdákà mọ́ ọrùn, alágbẹ̀dẹ á jó òrùka róbótó kan mọ́ òkè ẹ̀ kí okùn lè gbà á kọjá. Nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́ láti tà á fún àwọn tó ń ra owó àtijọ́, ojú ibi tí wọ́n jó máa ń dọ̀tí tàbí kó tẹ́. Ike máa ń bo etí owó, ó sì dùn mọ́ àwọn kan nínú bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ewédú, àpò ike rírọ̀ ló máa ń fà á, ó sì ń jẹ owó lọ ni. Àwọ̀ òṣùmàrè, pọ́pù pẹ̀lú búlúù àti ọsàn tó mọ́ rekete, ó lè jẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ló fà á, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan gbé e lé iná. Èmi kì í san ẹ̀ẹ́kún kọ́bọ̀ lórí àwọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀

Ẹ ní kó ṣe fídíò, gílóòbù kan ṣoṣo, kó rọra yí owó náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, kó kọ orúkọ yín sórí bébà kan kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ní ọjà gidi ò ní bínú. Ẹ wo bí èmi àti ẹnì kan ṣe sọ ọ́ lórí WhatsApp lọ́dún tó kọjá, lórí ẹyọ owó ṣílè méjì kan:

Èmi: Ẹ káàsán o ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe fídíò ẹ̀ lábẹ́ gílóòbù, kí n rí ojú àti ẹ̀yìn.

Òun: Àbúrò, fọ́tò yẹn ti tó. Wọ́n ti fún un ní 66 ná, kí lẹ tún fẹ́ wò?

Èmi: Mo rí 66 náà sà. Ilé-iṣẹ́ wo ló fún un?

Òun: Ilé-iṣẹ́ òkèèrè ni.

Èmi: Ẹ ṣé sà. Kí ni orúkọ wọn lókèèrè ọ̀hún, kí n lè yẹ nọ́ńbà wò?

Òun: Ẹlòmíì ti ń bọ̀ wá sanwó o, tẹ́ ẹ bá ń fi falẹ̀.

Mo ní kí ẹlòmíì náà máa bọ̀ o jàre. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà yẹn, owó yẹn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn ti sọ ọ́ di 67 ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: iye owó

Àwọn oníjìbìtì á fi ìwé iye owó PCGS hàn yín, á sọ pé 67 ń tà ní báyìí dọ́là. Òótọ́ ni, àmọ́ 67 inú ike PCGS ni ìwé yẹn ń sọ, kì í ṣe 67 tí ẹni kẹ́ni kọ ní yàrá ẹ̀. Èyí gan-an ni wọ́n fi mú mi.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń ro ó bíi pé ike ò sí níbẹ̀ rárá. Tí ojú mi bá sọ fún mi pé AU ni, owó AU ni mo máa fi lọ̀ ọ́. Tí mo bá rí i pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, owó tí wọ́n ti fọ̀ ni mo máa san, ìyẹn kì í sì í sábà kọjá ìdajì. Lórí eBay, ẹ má wo iye tí àwọn èèyàn ń bèèrè, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi èyí tó ti tà hàn. Ẹnikẹ́ni lè bèèrè mílíọ̀nù. Kódà àwọn tó ń pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn ń wá kọ́bọ̀ 1973 ní mílíọ̀nù náírà, ẹ máa wò ó, wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù. Ẹ má san án o.

Ti fàdákà, ẹ tún mọ ibi tí owó ò lè já sí. Ṣílè fàdákà wúwo tó gíráàmù 5.65, fàdákà inú ẹ̀ ó lé díẹ̀ ní gíráàmù márùn-ún. Ẹyọ owó ṣílè méjì jẹ́ ìlọ́po méjì ẹ̀. Ẹ wo iye tí gíráàmù fàdákà kan ń lọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́ tó bá jẹ́ pé irọ́ ni gbogbo ìyókù.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń bi ara mi. Láti fi owó ránṣẹ́ sí NGC tàbí PCGS, tẹ́ ẹ bá ro owó iṣẹ́ àti owó ìfiránṣẹ́ pọ̀, ó máa lé ní ogún dọ́là lórí ẹyọ kan. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tó ní ṣílè 67 lóòótọ́, kí ló dé tí ò náwó yẹn kó lè tà á ní ìlọ́po mẹ́wàá? Bóyá ó ti fi ránṣẹ́ rí tí wọ́n sì kọ Details sí i, ló fi wá gbé e lọ síbi tí wọn ò ti ń bèèrè ọ̀rọ̀. Ti àwa tó wà ní Abẹ́òkúta yàtọ̀ o, fífi ránṣẹ́ kì í ṣe kékeré, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bẹ̀rù owó tí ò sí nínú ike rárá. Owó tó jáde látinú agolo ẹnì kan ní Kútọ̀, tó dúdú, tó dọ̀tí, tí ẹni tó ni ín ò mọ nǹkan kan nípa máàkì, mo fọkàn tán an ju ike tó ń kọ mànà lọ. Mi ò sì ní parọ́, mo ti rí owó tó dáa gan-an rà nínú ike àwọn ilé-iṣẹ́ tí ò lórúkọ yìí, torí àwọn fúnra wọn ò mọ ohun tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: nígbà tó bá dé

Kẹ́ ẹ tó tú páálí, ẹ gbé fóònù yín sórí nǹkan, ẹ máa ya fídíò, kó hàn pé ẹ ò tíì ṣí i tẹ́lẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà wé èyí tó wà lórí fọ́tò, ẹ wá àpá tẹ́ ẹ ti sàmì sí. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé ara ike, fàdákà kì í fà mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, àti idẹ náà, torí náà tó bá fà, ayédèrú ni, tí ò bá fà, ẹ̀rí kọ́ nìyẹn pé fàdákà ni. Owó tí ò sí nínú ike, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù kan tẹ́ ẹ mọ̀, sikéèlì tiwọn ń ka ìdá gíráàmù, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń bá mi wọ̀n ọ́n.

Ẹ má fọ́ ike o. Bó ti wù kó rí, ẹ má fọ́ ọ títí ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti dá ọjà padà á fi kọjá. Tẹ́ ẹ bá ti fọ́ ọ, ẹni tó tà á á ní ẹ ti pààrọ̀ owó inú ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa gbà yín gbọ́. Èmi ò fọ́ tèmi, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún mi láti dá a padà, ọjọ́ kejìdínlógún ni mo tó kọ̀wé sí wọn, torí ó pẹ́ kí n tó gbà pé ìyá mi ló tọ̀nà. Ẹ ka iye ọjọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà.

Ẹ má sì fọ owó. Ọsàn, Brasso, eérú, ọṣẹ dúdú, kò sí èyí tó dáa nínú ẹ̀.

Ṣílè yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣì wà nínú ike ẹ̀, 67 ẹ̀ ṣì wà lókè. Tí ọmọ kan bá wá bá mi pé òun náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra owó àtijọ́, mo máa ń gbé e fún un pẹ̀lú dígí aláago, màá ní kó fi hàn mí ibi tí iyanrìn ti gba ara ọba kọjá.